Eliezer Ben-Yehuda àti Èdè Ilẹ̀ Ìlérí

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ti ẹsẹ Bíbélì kan rí, tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò gbé ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní èdè ìyá rẹ̀, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gba oorun lójú ènìyàn ní òru mẹ́ta. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Kì í ṣe olùtumọ̀ Bíbélì. Kì í tilẹ̀ ṣe ẹni tí àwọn àgbà ẹ̀sìn rẹ̀ kà sí olùfọkànsìn. Síbẹ̀, ó ṣòro láti rí ẹlòmíràn tí ó ṣe làálàá tó bẹ́ẹ̀ láti mú àwọn ọ̀rọ̀ Májẹ̀mú Láéláé kúrò lórí ìwé, kí ó sì fi wọ́n sí ẹnu ọmọdé.

A bí i ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1858, ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Luzhki, lábẹ́ ìjọba ọba Rọ́ṣíà. Ìlú náà wà ní orílẹ̀-èdè Belarus lónìí. Eliezer Yitzhak Perlman ni orúkọ tí a sọ ọ́. Bàbá rẹ̀, Yehuda Leib, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Júù tí a ń pè ní Hasidim, àwọn tí ó fi gbogbo ọkàn di àṣà ìgbàgbọ́ wọn mú. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ Júù tí kò mọ ìlérí tí Ọlọ́run ṣe fún Ábúráhámù. Ó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 12, a tún un sọ ní orí 15, a sì fi májẹ̀mú dè é ní orí 17, pé irú-ọmọ rẹ̀ ni a ó fi ilẹ̀ Kénáánì fún. Wọ́n ń gbọ́ ọ nínú sínágọ́gù, wọ́n ń rántí rẹ̀ nínú àdúrà lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n sì ń parí àsè Ìrékọjá lọ́dọọdún pẹ̀lú ìfẹ́ pé kí ọdún tí ń bọ̀ bá wọn ní Jerúsálẹ́mù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ará Róòmù ti wó Tẹ́ḿpìlì ní ọdún 70, púpọ̀ nínú wọn ti fọ́n ká sí ilẹ̀ àjèjì. Èdè Hébérù ni wọ́n fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Èdè Yiddish ni wọ́n fi ń ra àlùbọ́sà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi Hébérù kọ ìwé sí ara wọn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, nítorí náà a kò lè sọ pé èdè náà ti kú pátápátá. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 1,600 ọdún tí ìyá kankan kò ti fi rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún.

Wọ́n fẹ́ kí Eliezer di rábì, wọ́n sì rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn rábì ní ìlú Polotsk. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ ọ ní gírámà èdè Hébérù ní ìkọ̀kọ̀, ó sì fún un ní ìtàn Robinson Crusoe tí ẹnìkan ti túmọ̀ sí Hébérù. Ó ya ọmọ náà lẹ́nu pé èdè Mósè àti Àìsáyà lè sọ ìtàn atukọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ rì, tí ó ń kọ́ ahéré tí ó sì ń sin ewúrẹ́. Nígbà tí ìbátan rẹ̀ kan tí ó ń gbà á sílé ká a mọ́ ibi tí ó ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó lé e jáde. Ó rìn lọ sí ìlú Glubokoye, níbi tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Samuel Jonas ti gbà á sọ́dọ̀. Àkọ́bí ọkùnrin yìí, Deborah, ni ó kọ́ ọ ní èdè Rọ́ṣíà, Faransé àti Jámánì. A óò tún gbọ́ nípa ọmọbìnrin náà níwájú.

Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú Dvinsk ní ọdún 1877, ọdún náà gan-an tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Tọ́kì nítorí ọ̀ràn àwọn ará Bulgéríà. Ọmọ ogún ọdún ó dín díẹ̀ ni. Gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, òru ọjọ́ kan ni ó ń ka ìwé ìròyìn nípa ogun yìí nígbà tí èrò kan wọ inú rẹ̀ lójijì. Bí àwọn ará Bulgéríà bá lè gba ilẹ̀ àwọn bàbá wọn padà, kí ni ó dé tí àwọn Júù, tí a kọ ọ̀ràn ilẹ̀ tiwọn sínú Ìwé Mímọ́, kò lè padà sí i? Èrò kejì tẹ̀ lé èkíní kíákíá: ènìyàn tí kò ní èdè kan ṣoṣo kì yóò lè di orílẹ̀-èdè kan, bí ó tilẹ̀ dé ilẹ̀ náà.

Ó lọ sí Páríìsì ní ọdún 1878 láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ibẹ̀ ni ikọ́ ife ti mú un, àrùn tí kò ní oògùn nígbà náà, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Ó fi ẹ̀kọ́ dókítà sílẹ̀. Ní ọdún 1879 ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn èdè Hébérù tí a ń tẹ̀ ní Vienna, ó sì fi orúkọ tuntun buwọ́ lù ú: Ben-Yehuda. Orúkọ yìí túmọ̀ sí ọmọ Yehuda, ó sì lè jẹ́ Yehuda bàbá rẹ̀, tàbí Júdà ọmọ Jákọ́bù. Àwọn dókítà rán an lọ sí ilẹ̀ tí ó móoru, ó sì lo ìgbà òtútù kan ní ìlú Algiers ní àríwá Áfíríkà. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn Júù tí kò gbọ́ Yiddish pàdé. Hébérù nìkan ni òun àti wọn lè jọ gbọ́, òun ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ó jẹ́ èrò lásán ní Páríìsì wá di ohun tí ó ṣeé ṣe ní ẹnu ọ̀nà Algiers.

Ní ọdún 1881 ó gbé Deborah Jonas níyàwó, àwọn méjèèjì sì gúnlẹ̀ sí Jọ́pà nínú oṣù kẹwàá ọdún náà. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tí ó ti ń lá àlá ilẹ̀ ìlérí láti ọdún mẹ́rin, a ó retí pé kí ó fi ayọ̀ kúnlẹ̀ kí ó fi ẹnu ko erùpẹ̀ ilẹ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé wọn lọ ni ó ti rí àwọn ará Árábù, ọkùnrin gíga, alágbára, tí aṣọ yẹ wọ́n, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí ó wà nílé. Ó hàn sí i pé ní ojú wọn onílé ni wọ́n jẹ́, àlejò sì ni òun. Ìbẹ̀rù mú un. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀, ìbẹ̀rù yìí wà nínú ọkàn rẹ̀ níbi tí ó ti rò pé ayọ̀ yóò wà. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ kí ó dá òun padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ ń fo ibẹ̀ yẹn kọjá. Àwa kò rò pé ó yẹ kí a fò ó, nítorí pé ọ̀ràn ọjọ́ náà kò tíì tán títí di òní.

Ní Jerúsálẹ́mù ó bá Júù oríṣiríṣi. Àwọn tí ó ti Ìlà-oòrùn Yúróòpù wá ń sọ Yiddish. Àwọn tí a lé àwọn bàbá wọn kúrò ní Sípéènì ń sọ èdè Sípéènì àtijọ́. Àwọn mìíràn ń sọ Árábíìkì. Bí wọ́n bá pàdé lọ́jà, Hébérù kóró-kòro ni wọ́n fi ń ná ọjà. Ben-Yehuda pinnu pé nínú ilé tirẹ̀ a kò ní gbọ́ èdè mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ Hébérù dáadáa, èdè náà kò sì ní orúkọ fún ìdajì ohun tí ó wà nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ìka ni wọ́n fi ń tọ́ka sí ohun tí wọ́n fẹ́.

Ní ọdún 1882 wọ́n bí ọmọkùnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Ben-Zion. Itamar Ben-Avi ni ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Bàbá rẹ̀ pinnu pé Hébérù nìkan ni etí rẹ̀ yóò gbọ́. Wọn kò jẹ́ kí ó bá ọmọ aládùúgbò ṣeré. Bí àlejò tí kò gbọ́ Hébérù bá dé, wọn a gbé ọmọ kúrò níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ kìlọ̀ fún wọn pé wọ́n ń sọ ọmọ náà di odi, ó sì dà bí ẹni pé òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí pé ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta láìsọ̀rọ̀. Itamar fúnra rẹ̀ ròyìn nígbà tí ó dàgbà pé ní ọjọ́ kan ìyá òun gbàgbé ara rẹ̀, ó sì ń kọ orin Rọ́ṣíà fún òun. Bàbá òun wọlé, inú bí i gidigidi, ó pariwo mọ́ ìyá náà, ẹ̀rù ba ọmọ, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní Hébérù ni. Báyìí ni ilé Ben-Yehuda ṣe rí ọmọ àkọ́kọ́ tí ó fi Hébérù ṣe èdè abínibí ní ayé òde-òní. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ yóò ronú nípa obìnrin yẹn, tí a gba orin ìyá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọdún 1884 ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, HaZvi, tí ó túmọ̀ sí àgbọ̀nrín. Ìwé ìròyìn yìí ni ó fi ń tan ọ̀rọ̀ tuntun kálẹ̀, òun náà sì ni ó kó o sínú ìjà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú tín-ín-rín wo àwọn alátakò rẹ̀. Àwọn àgbà Júù Jerúsálẹ́mù gbà pé Ọlọ́run ni ó ṣèlérí ilẹ̀ náà, Òun ni ó sì fọ́n wọn ká nítorí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà Òun nìkan, nípa ọwọ́ Mèsáyà, ni yóò kó wọn jọ. Lójú wọn, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ sáré sí ìlérí náà dà bí àwọn ọmọ Ísráẹ́lì tí ó gun òkè lọ jagun nínú Númérì orí 14 nígbà tí Olúwa kò rán wọn. Ní ti èdè, èdè mímọ́ ni. Ta ni yóò mú aṣọ Tẹ́ḿpìlì lọ sí ọjà ẹja? Ben-Yehuda kọ́kọ́ gbìyànjú láti fà wọ́n mọ́ra. Ó dá irùngbọ̀n sí, ó sì ń pa àṣà ẹ̀sìn mọ́. Ṣùgbọ́n kò ní sùúrù, kálámù rẹ̀ sì mú. Ó kọ̀wé lòdì sí owó àánú tí àwọn Júù òkèèrè ń fi ránṣẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Jerúsálẹ́mù fi ń jẹun, ó ní ó ń sọ wọ́n di ọ̀lẹ. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Òun náà sì kọ àṣà ẹ̀sìn tí ó ń pa mọ́ sílẹ̀.

Ọdún 1891 ni ó burú jù. Ikọ́ ife, tí ó ṣeé ṣe kí Deborah ti kó lára ọkọ rẹ̀, pa á. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àrùn ọ̀fun kan wọ ilé wọn, ó sì pa mẹ́ta nínú àwọn ọmọ márùn-ún. Kí Deborah tó kú ni ó ti fẹ́ kí àbúrò òun rọ́pò òun. Ọmọbìnrin náà gbà, ó wá láti Rọ́ṣíà ní ọdún 1892, ó gba orúkọ Hébérù, Hemda, ó sì kọ́ èdè náà láàárín oṣù díẹ̀. Bí kò bá sí ti Hemda, àwa kò rò pé iṣẹ́ ọkùnrin yìí ìbá parí.

Ní ìparí ọdún 1893, bàbá àwọn ìyàwó rẹ̀ kọ àròkọ kan sínú HaZvi nípa àjọ̀dún Hanuka, èyí tí a fi ń rántí ìṣẹ́gun àwọn Makabí. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ nípa kíkó agbára jọ láti tẹ̀ síwájú. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ mú un tọ ìjọba Tọ́kì lọ, wọ́n ní ọ̀tẹ̀ ni ó ń dá. A gbé e jù sẹ́wọ̀n, a dájọ́ ọdún kan fún un, a sì ti ìwé ìròyìn rẹ̀ pa. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni ó yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń rí ọ̀rọ̀. Nínú Májẹ̀mú Láéláé, ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó yàtọ̀ síra kò ju bí 8,000 lọ. Ọ̀pọ̀ wà fún ẹbọ, fún àgùntàn àti fún ìbànújẹ́; kò sí fún ìwé ìròyìn, tàbí ọmọlángidi, tàbí áísìkiriìmù. Ó kọ́kọ́ ń wá inú Bíbélì. Bí kò bá rí i níbẹ̀, a wá inú ìwé àwọn rábì. Bí kò bá sí níbẹ̀, a lọ sí ọ̀dọ̀ Árábíìkì, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá Hébérù. Orírun ọ̀rọ̀ Hébérù máa ń jẹ́ kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta, a sì lè hu ọ̀rọ̀ púpọ̀ lára rẹ̀ bí ẹ̀ka lára igi. Láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí àkókò ni ó ti yọ iton, ìwé ìròyìn. Láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ ni ó ti yọ millon, ìwé atúmọ̀-èdè.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ayé gbà. Ọ̀ràn tòmátì tilẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Ní Yúróòpù nígbà kan, èso ìfẹ́ ni àwọn kan ń pè é, nítorí náà ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan hu orúkọ fún un, agvaniya, láti ara ọ̀rọ̀ tí wòlíì Esekíẹ́lì lò ní orí 23 fún ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́. Ojú ti Ben-Yehuda. Ó kọ̀ láti pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá láti inú Árábíìkì. Ìdílé rẹ̀ ń lo tirẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà ń lo ti èkejì, òun náà sì ni a ń lò ní Ísráẹ́lì títí di òní.

Ó yẹ kí àwa olùtumọ̀ kíyè sí ohun kan mìíràn. Nínú Esekíẹ́lì orí 1 ẹsẹ 4, wòlíì náà rí ohun kan tí ń dán láàárín iná, ó sì pè é ní hashmal. Akéwì kan, Judah Leib Gordon, mú ọ̀rọ̀ yìí fún iná mànàmáná, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé ní Tel Aviv lè ka ẹsẹ náà lónìí kí ó rò pé gílóòbù ni wòlíì rí. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́ Hébérù òde-òní kò tíì di olùtumọ̀ Esekíẹ́lì nítorí èyí nìkan.

A ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun nìkan ni ó ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé bíi mélòó kan dá ìgbìmọ̀ èdè sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní ọdún 1890. Jù wọ́n lọ ni àwọn olùkọ́ ní àwọn abúlé àgbẹ̀ tuntun, irú bíi Rishon LeZion, tí wọ́n ń fi Hébérù kọ́ ìṣirò láìní ìwé ìkọ́ni kankan. Ilé Ben-Yehuda fi hàn pé ọmọ kan lè sọ ọ́. Àwọn olùkọ́ yẹn ni ó mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sọ ọ́.

Ní ọdún 1903 ni ohun tí ó ya àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n kọ lu àwọn Júù ìlú Kishinev ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wọ́n sì pa 49 nínú wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ilẹ̀ kan lọ Theodor Herzl, olórí ẹgbẹ́ Síónì, ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ètò Ùgáńdà ni wọ́n ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ohun tí ó di Kẹ́ńyà ni ilẹ̀ náà wà. A kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi àwọn Nandi àti Masai tí ń da ẹran níbẹ̀. Àwọn Júù Rọ́ṣíà, tí idà wà lọ́rùn wọn, ni ó kọ ọ̀ràn náà jù: ilẹ̀ tí a ṣèlérí ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe ilẹ̀ tí a fi lọ̀ wọ́n. Ben-Yehuda, tí ó ti fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sínú ilẹ̀ ìlérí, kọ̀wé láti Jerúsálẹ́mù pé kí wọ́n gbà á. Ó rò pé ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà láàyè. Ọ̀pọ̀ pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ní ọdún 1905 àpéjọ ẹgbẹ́ náà kọ ètò náà pátápátá.

Ní ti èdè, òun ni ó borí. Ní ọdún 1913, ẹgbẹ́ Júù kan láti Jámánì tí ó ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Haifa pinnu pé èdè Jámánì ni a ó fi kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n jáde sí ìgboro. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wá ṣí lẹ́yìn ogun, Hébérù ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ben-Yehuda ti lo ọdún ogun ní Amẹ́ríkà, nínú àwọn ilé ìkàwé New York, lórí ìwé atúmọ̀-èdè ńlá tí ìdìpọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde ní ọdún 1908. Ó padà sí Jerúsálẹ́mù ní ọdún 1919.

Ní oṣù keje ọdún 1922, Àjọ Àwọn Orílẹ̀-Èdè fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Palẹ́stínì sábẹ́ àbójútó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. A kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé èdè mẹ́ta ni a ó fi ṣe ìjọba níbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, Árábíìkì àti Hébérù. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún náà, nígbà Hanuka, Eliezer Ben-Yehuda kú ní ẹni ọdún 64. Orí Òkè Ólífì ni a sin ín sí.

Iṣẹ́ atúmọ̀-èdè náà kò tíì dé ìdajì. Hemda gbé e léjìká, ó ń wá owó, ó ń wá ọ̀mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ Ehud sì ń ràn án lọ́wọ́. Òun náà kú ní ọdún 1951, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí a dá orílẹ̀-èdè Ísráẹ́lì sílẹ̀. Ọdún 1959 ni ìdìpọ̀ tí ó kẹ́yìn jáde, tí gbogbo rẹ̀ fi pé 17.